Kí Ẹbí Tó Túká: Bí A Ṣe Ń Ya Fọ́tò Tó Dára Lásìkò Ọdún

Fọ́tò kan wà nínú fóònù mi tó máa ń dùn mí bí mo bá ti rí i. Èèyàn mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo tò wọ́n síwájú fèrèsé ńlá kan lọ́sàn-án ọjọ́ ọdún, mo ní kí wọ́n kẹ́yìn sí i torí pé mo fẹ́ kí ọgbà tó wà lóde hàn. Ọgbà náà hàn lóòótọ́, ewé orí igi ṣeé kà. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn dúdú bíi pé wọ́n fi èédú kùn ún. Èjìká tó tẹ̀ díẹ̀ sápá òsì ni mo fi ń dá bàbá àgbà mọ̀ níbẹ̀, ọdún yẹn ni wọ́n sì bá wa ṣe kẹ́yìn. Ká ní mo ti sọ pé kí gbogbo wọn yíjú sí fèrèsé, kí èmi fúnra mi kẹ́yìn sí i, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fara balẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Fóònù lásán tó fún ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá ní kámẹ́rà gidi, mo fi nọ́ńbà díẹ̀ síbẹ̀ fún un.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ múra sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú

Ẹ mú pépà, ẹ kọ àwọn tí ẹ fẹ́ yà pọ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbà pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Àwọn ọmọ ìyá kan náà. Ìkókó tuntun pẹ̀lú ẹni tó dàgbà jù nínú ilé. Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí ẹ ò mọ ìgbà tí ẹ tún máa rí i. Ẹ má jẹ́ kó ju mẹ́fà tàbí méje lọ, torí pé sùúrù èèyàn níwọ̀n, àwọn tó wá ṣọdún kò wá fi gbogbo ọ̀sán tò lórí ìlà. Àwọn àgbà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà, kó tó rẹ̀ wọ́n. Ti àwọn ìkókó, ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn jí tí wọ́n sì ti jẹun yó ló dáa jù. Aago inú ikùn ọmọ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ti ara ògiri.

Ẹ fi iná sí bátìrì kó kún. Ẹ pa àwọn fídíò tí ẹ ò nílò rẹ́ kí àyè lè wà. Lẹ́yìn náà, ẹ nu ojú lẹ́ńsì. Mo mọ̀ pé ó dà bí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, àmọ́ fóònù tó ń wọ àpò tó ń jáde, tí ọwọ́ ọlọ́wọ́ ń kàn lójoojúmọ́, òróró ìka á ti bo lẹ́ńsì rẹ̀. Òróró yìí ló ń jẹ́ kí fọ́tò dà bíi pé kùrukùru wà nínú ilé, tí iná á sì máa fa ìrù gígùn káàkiri. Aṣọ òwú tó mọ́ tó sì rọ̀ ti tó, ẹ fi nù ún yíká jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ náà, ẹ tún ṣe é láàárín ọjọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìmọ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá

Ọ̀pọ̀ wa la máa ń wá ibi tó rẹwà: ara ògiri tuntun, iwájú ohun tí wọ́n fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Èmi á kúkú mú ògiri tí kò ní nǹkan kan lára tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dáa, kí n fi ibi ẹlẹ́wà tó ṣókùnkùn sílẹ̀.

Ẹ dán èyí wò. Ẹ mú ọmọdé kan, ẹ ní kó dúró ní nǹkan bíi mítà kan sí mítà méjì sí fèrèsé, kó wá máa yí díẹ̀díẹ̀. Ihò ojú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Nígbà tó bá kẹ́yìn sí fèrèsé, ihò ojú á ṣókùnkùn. Bó ṣe ń yí bọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á kọ́kọ́ mọ́, lẹ́yìn náà imú, títí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé á fi hàn bí ẹ̀kán omi kékeré nínú ẹyinjú méjèèjì. Ibi tí ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ yẹn bá ti yọ ni kó dúró. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jìnnà sí fèrèsé: òjìji díẹ̀ á wà níbẹ̀ tó ń fi ìrísí ojú hàn, kò sì ní dúdú jù. Ẹni tó bá ti rí èyí lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé. Bí oòrùn bá ń gba fèrèsé wọlé tààrà, ẹ fa kọ́tìnnì funfun tó fẹ́lẹ́ bò ó, ìmọ́lẹ̀ náà á rọ̀.

Ẹ wá pa gílóòbù inú yàrá. Ó lè yà yín lẹ́nu, ṣùgbọ́n àwọ̀ iná yàtọ̀ síra. Kelvin ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀: iná àbẹ́là wà ní nǹkan bí 1,900, gílóòbù aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú wà ní nǹkan bí 2,700, oòrùn ọ̀sán sì wà ní nǹkan bí 5,500. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pọ́n tó. Ojú wa máa ń bá wa tún un ṣe láìsọ fún wa, kámẹ́rà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ tán bí méjì bá pàdé lójú ẹnì kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan fi ń pọ́n bí ọsàn tí èkejì sì ń ṣe bíi búlúù. Ìmọ́lẹ̀ kan ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ fi èkejì sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìta ni, ẹ sá fún oòrùn tó wà lókè orí gan-an. Ó máa ń da òjìji sínú ihò ojú àti sábẹ́ imú, gbogbo èèyàn á sì máa fún ojú pọ̀. Ẹ kó wọn sí ibòòji ẹ̀gbẹ́ ilé, kí wọ́n dojú kọ gbangba. Ìsàlẹ̀ igi náà dáa, bí ewé rẹ̀ bá ṣù dáadáa. Bí oòrùn bá ń yọ láàárín ewé, ojú èèyàn á di abilà. Wákàtí tó kẹ́yìn kí oòrùn tó wọ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Bí ẹ bá lè yí ètò ọjọ́ náà padà kí fọ́tò gbogbo ẹbí lè bọ́ sí àsìkò yẹn, ẹ yí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ má jẹ́ kí kámẹ́rà pinnu àwọ̀ ara yín

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Kámẹ́rà máa ń rò pé gbogbo ohun tó wà níwájú òun, bí a bá pa á pọ̀, ó yẹ kó jẹ́ àwọ̀ eérú. Bí aláwọ̀ dúdú bá dúró síwájú ògiri funfun gbòò, kámẹ́rà á gbìyànjú láti fa ìfunfun náà wálẹ̀, ojú onítọ̀hún ni yóò sì jìyà rẹ̀. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá dúdú ńkọ́? Á gbé ìmọ́lẹ̀ sókè jù, ojú á wá ràndánrandan bí eérú.

Ìtàn wà nídìí rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun wà lórí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Shirley, ni àwọn tó ń fọ fíìmù Kodak fi ń díwọ̀n bóyá àwọ̀ fọ́tò dọ́gba. Ara tirẹ̀ ni òṣùwọ̀n, tiwa sì ń jáde bó bá ṣe wù ú. Ọdún 2021 ni Google gbé ètò kámẹ́rà kan tí wọ́n pè ní Real Tone jáde nínú fóònù Pixel 6 láti tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe. Ó ti sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, síbẹ̀ ọwọ́ wa ni iṣẹ́ ṣì wà.

Ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni tí ẹ ń yà lórí fóònù. Àmì oòrùn kékeré tàbí ìlà kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fà á sókè tàbí sísàlẹ̀ títí àwọ̀ ojú náà á fi jọ èyí tí ẹ ń fi ojú yín rí. Bí ẹ bá tẹ ìka mọ́ ọn pẹ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ fóònù máa ń dè é síbẹ̀ kó má baà yí padà mọ́. Bí ẹbí bá ní pupa tó ní dúdú, kí àwọn tó dúdú jù súnmọ́ fèrèsé, kí àwọn pupa wà ní ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà. Ẹ ṣọ́ ojú ẹni tó pupa jù kó má jóná di funfun, torí pé ibi tó bá ti jóná, kò sí àtúnṣe fún un. Ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀ ṣì ṣeé gbé sókè lẹ́yìn ọ̀la.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí a ṣe ń to ọ̀pọ̀ èèyàn

Bí ẹ bá to èèyàn méjìlá sórí ìlà gbọọrọ kan, ẹ ní láti rìn sẹ́yìn títí ojú wọn á fi kéré bí ẹ̀wà. Ẹ ṣù wọ́n jọ. Àga méjì tàbí mẹ́ta láàárín fún àwọn àgbà, àwọn géńdé lẹ́yìn wọn, ọmọdé nílẹ̀ àti lórí itan. Kí orí má dọ́gba: kí ẹnì kan ga, kí ẹni tó tẹ̀ lé e rẹlẹ̀, kí ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan bọ́ sí àlàfo láàárín orí ẹni méjì tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n súnmọ́ra, kí èjìká kan èjìká. Wọ́n á sọ pé àwọn ti súnmọ́ra. Ẹ tún sọ ọ́.

Lẹ́ńsì tí fóònù fi ń ṣí fẹ̀ gan-an, ó sì máa ń fa ẹni tó bá wà létí fọ́tò gùn tàbí kó fẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ẹ tẹ àmì 2×, èyí tó ń fa nǹkan súnmọ́, bí fóònù yín bá ní i, kẹ́ ẹ wá fi ẹsẹ̀ rìn sẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì. Ẹni tó ní kámẹ́rà, lẹ́ńsì 50 mm tàbí 85 mm á ṣe é, kó fi ẹnu lẹ́ńsì sí f/5.6 tàbí f/8 kí ìlà ẹ̀yìn àti ti iwájú lè mọ́ pọ̀. Ìyára tí kámẹ́rà fi ń ṣí tó sì fi ń pa dé kò gbọ́dọ̀ kéré sí 1/125 ìṣẹ́jú àáyá fún ẹni tó dúró jẹ́ẹ́. Fún ọmọ tó ń sáré, 1/500.

Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ ojú ṣíṣẹ́ yẹ̀ wò, torí kì í ṣàìsí ẹni tó máa dijú. Àwọn méjì kan ní CSIRO, àjọ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ní Ọsirélíà, Nic Svenson àti Piers Barnes, jókòó ṣe ìṣirò iye fọ́tò tó yẹ kí èèyàn yà kí ọ̀kan tó jáde tí ojú gbogbo èèyàn là. Wọ́n gba Ig Nobel fún un lọ́dún 2006, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ìwádìí tó ń pani lẹ́rìn-ín kó tó múni ronú. Ohun tí wọ́n ní ká ṣe rọrùn: bí àwọn èèyàn náà kò bá tó ogún, ẹ fi mẹ́ta pín iye wọn bí ìmọ́lẹ̀ bá dáa, ẹ fi méjì pín in bí ìmọ́lẹ̀ kò bá dáa. Èèyàn méjìlá nínú ìmọ́lẹ̀ dáadáa, fọ́tò mẹ́rin. Nínú ìmọ́lẹ̀ tí kò tó, mẹ́fà. Èmi máa ń fi méjì kún un, torí pé kì í ṣe ojú nìkan ló ń bàjẹ́: ẹnì kan á máa sọ̀rọ̀, ẹlòmíì á wo ẹ̀gbẹ́. Ọgbọ́n kan tún wà. Ẹ ní kí gbogbo wọn dijú, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí wọ́n jọ là á, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá sọ pé, “Ó ti tán, ẹ ṣeun.” Ẹ má gbé kámẹ́rà sílẹ̀ o. Ìgbà yẹn gan-an ni èjìká gbogbo wọn máa ń rọ̀, tí ẹnì kan á sọ̀rọ̀ sí ẹnì kejì létí, tí ẹ̀rín gidi á bú jáde. Mo ti yà á báyìí lọ́pọ̀ ìgbà, fọ́tò tí àwọn ẹbí ń tọrọ lọ́wọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ èyí tí mo yà lẹ́yìn “ó ti tán.”

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àwọn ọmọdé

Ẹ kúnlẹ̀. Bí ẹ bá dúró ya ọmọ ọdún mẹ́ta, àtàrí rẹ̀ lẹ máa yà. Kí lẹ́ńsì bá ojú ọmọ dọ́gba, bó tiẹ̀ gba pé kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má máa pariwo “wo ibí, rẹ́rìn-ín.” Ẹ̀rín tí wọ́n bá fi àṣẹ gbà, eyín nìkan ló ń hàn níbẹ̀. Ẹ fún ọmọ níṣẹ́ ṣe: kó tú ẹ̀bùn, kó ka iye bọ́tìnnì ara aṣọ bàbá rẹ̀, kó sọ ọ̀rọ̀ àṣírí sétí ìyá àgbà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ kí fóònù máa yà léraléra. Nínú ogún, ọ̀kan á ṣe é. Bí ọmọ bá sì kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má fi ipá mú un gbá ẹnikẹ́ni mọ́ra torí fọ́tò.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo fọ́tò tí mo ti yà, kò sí ẹni tó wo kámẹ́rà níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Ó yọ ahọ́n síta díẹ̀ létí ẹnu, ó fún ojú pọ̀. Lókè orí rẹ̀, ọwọ́ ìyá àgbà méjèèjì wà nínú afẹ́fẹ́, wọ́n fẹ́ bá a so ó, wọ́n sì ń pa ara wọn mọ́ra. Iṣan ọwọ́ wọn hàn, òrùka tó ti há sí ìka náà hàn. Mi ò ya ojú ìyá àgbà rárá nínú fọ́tò yẹn. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n máa ń dá ọwọ́ yẹn mọ̀ kíá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú

Iná wínníwínní tí wọ́n fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ kì í bá fíláàṣì ṣọ̀rẹ́. Fíláàṣì á pa gbogbo rẹ̀, á sì sọ ògiri di funfun gbáú. Ẹ pa fíláàṣì, ẹ jẹ́ kí ọmọ súnmọ́ iná náà tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á fi bọ́ sí i lójú. Fún ilé láti ìta, ẹ yà á ní kété tí oòrùn wọ̀, nígbà tí ojú ọ̀run ṣì ní àwọ̀ aró. Àwọ̀ yẹn kì í pẹ́ rárá, nítorí náà ẹ ti dúró sípò kó tó dé.

Ẹ fi ìgúnpá méjèèjì mọ́ ìhà, ẹ fara ti ògiri, ẹ mí síta, kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí fóònù bá ní ètò fún òru, ó lè fi ìṣẹ́jú àáyá kan sí mẹ́ta gba ìmọ́lẹ̀. Ó dáa fún ọmọ tó sùn, kò dáa fún èyí tó ń jó.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lo fíláàṣì fóònù, ẹ súnmọ́ wọn dé nǹkan bíi mítà méjì. Èyí tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Fíláàṣì tó ṣeé yí lórí kámẹ́rà, ẹ kọjú rẹ̀ sí àjà funfun, ìmọ́lẹ̀ á ta padà sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹyinjú pupa tí ẹ máa ń rí, ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn ojú ni fíláàṣì tàn sí, torí pé ojú là sílẹ̀ gbayawu nínú òkùnkùn. Ẹ tan iná yàrá sí i kí ẹyinjú lè sún pọ̀, á dínkù.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ̀yin náà, ẹ wọlé síbẹ̀

Ẹni tó ń ya fọ́tò kì í sí nínú fọ́tò. Ìyá mi ló máa ń di kámẹ́rà mú nígbà tí a wà lọ́mọdé. Nínú álúbọ́ọ̀mù ọdún mélòó kan, òjìji wọn tó bọ́ sílẹ̀ níwájú wa ni mo rí, pẹ̀lú ìgúnpá méjèèjì tó là síta. Ó dùn mí fún wọn, ó tún dùn mí fún àwa ọmọ.

Ẹ gbé fóònù ti ìwé díẹ̀ lórí tábìlì, kó ga tó ojú ẹni tó jókòó. Lẹ́ńsì ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ lò, ó sàn ju ti iwájú lọ. Ẹ fi àmì síbi tí ẹ máa dúró kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì yí aago rẹ̀ sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Mẹ́ta kò tó, ẹ máa sáré dé pẹ̀lú èémí lókè. Tàbí kẹ́ ẹ gbé fóònù fún ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tó gbọ́n, kẹ́ ẹ ti bá a tò ó tán, kó kàn máa tẹ̀ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: lẹ́yìn ọdún

Ẹ ṣà wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí ẹ ṣì rántí. Ẹ pa èyí tí ojú ti dì rẹ́, ẹ fi bí ọgbọ̀n sílẹ̀. Bí ẹ bá ń gé fọ́tò, ẹ má gé e ní ọrùn ọwọ́ tàbí orúnkún, ó máa ń dà bíi pé ọwọ́ gé. Ẹ má sì fi ètò orí fóònù pa ìlà ojú àwọn àgbà rẹ́. Ojú wọn nìyẹn.

WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè yára lọ. Ẹ fi í ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, kó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan síbòmíì yàtọ̀ sí fóònù, torí fóònù ń sọnù. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ òbí kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ ọlọ́mọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ fọ díẹ̀ nínú wọn sórí pépà. Fọ́tò tó fẹ̀ ní sẹ́ńtímítà mẹ́wàá, tó gùn ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, píksẹ́ẹ̀lì (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò) 1,200 sí 1,800 ló ń fẹ́ kó lè mọ́ kedere. Fóònù tí fọ́tò rẹ̀ jẹ́ 4,000 sí 3,000 ní àníṣẹ́kù. Bí ẹ bá ti gbà wọ́n, ẹ jókòó ti ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí, kí wọ́n máa pe orúkọ, kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò. Pẹ́ńsù tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, létí létí, kẹ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, torí pé bírò máa ń yọ lójú kejì. Mo tẹ fọ́tò dúdú yẹn náà. Ìyá mi gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n sì fi èjìká àti ìdúró dá àwọn mẹ́tàlá mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni kẹrìnlá, a ṣì ń bi àwọn ẹ̀gbọ́n wọn.